Níbo Ni Kí Ìjọba Náà Dé?

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Oǹdó, ìyá mi kì í jẹ́ kí Àdúrà Olúwa lọ tààrà láàárọ̀. Tí a bá ti sọ pé, "Kí ìjọba rẹ dé," á ní ká dúró. "Níbo?" Ẹni tó bá kàn lọ́jọ́ náà á dárúkọ ibì kan. Ṣùgbọ́n òfin wà níbẹ̀: ibi tó o bá dárúkọ, o gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ fúnra rẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀gbọ́n mi dárúkọ Róòmù lọ́jọ́ kan. Ìyá mi ní kó tètè jẹun, kó máa lọ.

Mo ti darúgbó báyìí, ibi tí mo lè dárúkọ kò ju ilé àwọn aládùúgbò lọ.

Mo gbé àṣà náà lọ sí Àkúrẹ́ nígbà tí mo níṣẹ́, tí mo sì níyàwó. Nígbà tó yá, nǹkan le. Owó oṣù ò wọlé déédéé, epo mọ́tò di àwátì, gaàrí mímu di oúnjẹ ọ̀sán. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í dá èèyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ọ̀wọ̀, tí a jọ kàwé ní yunifásítì, tí a sì jọ wà ní ọ́fíìsì kan náà, wà lára wọn. Wọ́n fi èmi sílẹ̀. Ẹnì kan sọ fún un pé èmi ni mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa lọ́dọ̀ ọ̀gá. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n ó gbà á gbọ́. Ó kó lọ sí Ọ̀bà-Ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àkúrẹ́, kò sì yà sílé wa mọ́.

Tó bá kàn mí láàárọ̀, mo máa ń dárúkọ ọjà, ọ́fíìsì, ilé ìwòsàn. Mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí ìjọba rẹ̀ dé gbogbo Àkúrẹ́ àti àyíká rẹ̀, mo wá ń yọ ilé kan ṣoṣo sílẹ̀. Ìyàwó mi rí i.

Ìyá mi wá kí wa láti Oǹdó. Orúnkún ti ń dùn ún nígbà yẹn. Nígbà tó kàn án láàárọ̀, ó ní, "Ilé ọ̀rẹ́ ọmọ mi, l'Ọ́bà-Ilé."

Mo lajú. "Màámi, ẹsẹ̀ yín ńkọ́?"

"Ṣé mo ní kó o pọ̀n mí ni? Wọ bàtà rẹ."

A dúró títí ká tó rí takisí. Ọ̀rẹ́ mi wà níwájú ilé, ó ń rán bàtà ọmọ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi. Kò wojú mi.

"Màmá, ẹ káàbọ̀. Ṣé ọmọ yín ló rán yín?"

"Àdúrà àárọ̀ ni. Ibí ni mo dárúkọ."

Ó mọ àṣà náà. Ilé wa l'Oǹdó ló ti máa ń lo ìsinmi nígbà tí a wà ní yunifásítì. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ sì lọ dárúkọ ilé tí kò sí nǹkan nínú ìkòkò!"

"Ta ló bi ọ́ ní ti ìkòkò? Bu omi wá."

Ìyá mi mu ìdajì omi náà, ó gbé ife fún mi, mo mu ìyókù. Wọ́n sọ̀rọ̀ ìyàwó, wọ́n sọ̀rọ̀ ọmọ àti àgbàdo ẹ̀yìnkùlé. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ọ́fíìsì. Nígbà tó sìn wá dé títì, ìyá mi yíjú sí i, ó ní, "Tèmi parí o. Ó kù sọ́wọ́ rẹ."

Nínú takisí, mo ní, "Màámi, ẹ ò sọ fún un pé mi ò ṣe é."

"Ẹnu mi kọ́ ló yẹ kó ti gbọ́ ọ."

Ọ̀rẹ́ mi ò wá lọ́jọ́ kejì. Ìyá mi padà sí Oǹdó, ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, ẹnì kan pàtẹ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rẹ́ mi ni. Eruku bo bàtà rẹ̀. Ó dúró bí àlejò.

"Ibí ni mo dárúkọ láàárọ̀," ó ní. "Mo fẹ́ yí i sí ọjà, ìyàwó mi ò gbà."

Mo bu omi wá. Kó tó jókòó, mo ní, "Mi ò sọ̀rọ̀ rẹ láìdáa lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni."

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mu omi," ó ní.

Ó mu ìdajì, ó sì gbé ife náà fún mi.