Ẹni Tó Ń Ké Ṣì Lè Dúró

Kí ó tó fọwọ́ kan ara aláìsàn, á kọ́kọ́ fi ọwọ́ ra ọwọ́ títí á fi móoru. Iṣẹ́ eegun títò ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, ń ṣe ní Awà. Láti Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n ti ń gbé ẹni tó já lórí ọ̀pẹ wá bá a.

Lọ́jọ́ tí igi tí wọ́n fẹ́ fi gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi wó lu tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, èmi àti Bàbá jọ sáré lọ ni. Ẹsẹ̀ àbúrò ti kán, igbe rẹ̀ gba igbó kan. Ẹ̀gbọ́n jókòó ti kùkùté, ó ní kò sí nǹkan tó ṣe òun. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Bàbá gbà lọ.

Ìyá wọn pariwo: "Bàbá, ẹsẹ̀ ọmọ mi nìyí o!"

"Ẹni tó ń ké ṣì lè dúró dè mí."

Ó fọwọ́ tọ egungun ìhà ẹ̀gbọ́n, ó tẹ ikùn rẹ̀ wò. Ó ti le bí pákó, ẹ̀jẹ̀ ti ń dà sínú rẹ̀. Kò jẹ́ kí wọ́n gbé e dìde. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ọmọ náà fi kú, kó tó lọ di ẹsẹ̀ àbúrò.

Nígbà tí àìsàn dá Bàbá fúnra rẹ̀ wólẹ̀, a ń gbọ́ ìkérora rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọkàn wa sì balẹ̀ díẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìkérora náà dáwọ́ dúró. Ìyàwó rẹ̀ ju igbá ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré wọlé. Kó tó fọwọ́ kàn án, ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ ra ọwọ́.