Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ Nínú Yàrá Gbígbẹ

Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ni gbogbo àdúgbò wa ń pè é, nítorí bí omi ṣe ń ṣàn láti etí òrùlé lásìkò òjò ni òógùn ṣe ń ṣàn lójú ọkùnrin náà. Àwọn kan ní àìsàn ni. Àìsàn kọ́. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ẹsẹ̀, ohun kan ṣoṣo tó sì rí ni pé òun fúnra òun ní láti pààrọ̀ aṣọ lẹ́yìn àyẹ̀wò náà. Àwọn mìíràn ní ooru ló ń mú un. Ìyẹn náà kò tọ̀nà, nítorí ó máa ń làágùn ní àárọ̀ kùtù tí gbogbo wa wọ súwẹ́tà.

Òógùn yìí ti lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ púpọ̀. Ó kọ́kọ́ ṣe onígbàjámọ̀. Bí oníbàárà bá ti ń wò ó nínú dígí báyìí, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í kán sí onítọ̀hún lọ́rùn. Ọ̀kan nínú wọn bi í bóyá irun ni òun wá gẹ̀ tàbí ìwẹ̀ ni òun wá wẹ̀. Ó lọ bá wọn ta bàtà. Bàtà ti tutù kí wọ́n tó dúnàádúrà tán. Ó ṣe akọ̀wé, ṣùgbọ́n gbogbo ìwé tó bá kọ níṣojú ọ̀gá ni yíǹkì rẹ̀ ń ṣàn pọ̀ mọ́ra.

Níkẹyìn, ó bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tó ń mọ búlọ́ọ̀kù. Ó gbà á síṣẹ́ nítorí àbúrò rẹ̀, kò sì jẹ́ kó gbàgbé.

“Àna mi,” ni yóò wí lójú gbogbo òṣìṣẹ́, “má wulẹ̀ pọn omi lónìí. Ṣáà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ sìmẹ́ǹtì, yóò pò fúnra rẹ̀.”

Wọn á rẹ́rìn-ín. Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ náà á rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kì í kọjá eyín.

Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, ló gbọ́ pé ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe bátìrì ọkọ̀ oníná, ìyẹn ọkọ̀ tí kì í mu epo, ń wá ènìyàn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n tí ojú rẹ̀ sì mú ni wọ́n ń fẹ́. Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ní méjèèjì. Wọ́n gbà á fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n fi wò ó ná.

“Lọ,” ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ wí. “Mi ò ní fi ṣọ́bìrì ẹ fún ẹlòmíì. Lọ́jọ́ tí oṣù mẹ́ta bá pé, màá gbé lọ́rì wá mú ẹ nílé.”

Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé bó bá jẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n ní kí òun máa fọ̀ níbẹ̀, òun á fọ̀ ọ́, bí òun kò bá ṣáà ní padà sídìí ṣọ́bìrì yẹn mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n tún nǹkan kan ṣe kí a tó lọ síwájú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bátìrì ọkọ̀ yìí dà bí ti tọ́ọ̀ṣì, pé ó kàn tóbi jù ú lọ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìwé ni, tí wọ́n fi oògùn kùn, tí wọ́n ká bí ẹní, tí wọ́n wá dé mọ́ inú agolo pẹ̀lú omi oògùn kan. Omi oògùn yẹn àti omi lásán kò gbọdọ̀ ríra. Bí ọ̀rinrin bá kó sí i, bátìrì náà á wú, á sì bàjẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣe é nínú yàrá kan tí ẹ̀rọ ńlá ń fa gbogbo ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde, débi pé ètè àwọn òṣìṣẹ́ máa ń bó. Èémí ènìyàn pàápàá, omi ni wọ́n kà á sí níbẹ̀. Yàrá Gbígbẹ ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ nìkan ni àyè ti ṣófo, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì fi Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ sí.

Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ọ̀gá yàrá náà. Màdáámù ni wọ́n ń pè é lójú rẹ̀, Ìyá Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Ẹ̀yìn ògiri onígíláàsì ló máa ń jókòó sí, níwájú aago kan tó ń fi bí ọ̀rinrin ti pọ̀ tó hàn. Bó bá pọ̀ jù, iná pupa á tàn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ wọ aṣọ funfun, fìlà, ìbòmú àti ìbọ̀wọ́, ó wọlé. Ìyá Ẹ̀ẹ̀rùn wò ó. Iná pupa tàn.

“Ta ló gbé omi wọlé?” ni Ìyá Ẹ̀ẹ̀rùn bèèrè nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Gbogbo òṣìṣẹ́ yíjú sí Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ìyẹn sì wá dá kún un.

“Màdáámù, èmi ni,” ló wí. “Àmọ́ mi ò gbé e wọlé. Ara mi ló wà.”

“Jáde, kó o lọ gbẹ.”

Kò sí ọgbọ́n tí kò dá. Ó pinnu pé òun kò ní mu omi mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní, “Ẹni tí kì í mu omi tí kì í sì í làágùn, òkú là ń pè é.” Ó di tówẹ̀lì mọ́ inú aṣọ iṣẹ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń bèèrè oṣù tí yóò bí. Ni ìyàwó rẹ̀ bá da odidi agolo pọ́dà sí i lára. Ẹnu ọ̀nà Yàrá Gbígbẹ ni afẹ́fẹ́ líle ti máa ń gbọn eruku kúrò lára ẹni tó bá fẹ́ wọlé. Afẹ́fẹ́ náà fẹ́, pọ́dà bo gbogbo ibẹ̀ bíi kùrukùru, iná kejì tí wọ́n ṣe nítorí eruku sì tàn.

“Ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ibí yìí ni mo ti wà níbẹ̀,” ni Ìyá Ẹ̀ẹ̀rùn wí. “Mi ò mọ̀ pé iná yẹn ń ṣiṣẹ́. O ṣeun.”

Kì í ṣe ìkà ènìyàn. Ó ti rí i pé bátìrì tí Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ bá ráyè ká kí iná pupa tó lé e jáde kì í wọ́. “Ọwọ́ ẹ dáa,” ló sọ fún un. “Ìyókù ara ẹ ni mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé e sí. Bí oṣù mẹ́ta bá pé tí nǹkan ò yí padà, a ó dágbére fún ara wa ni.”

Nǹkan kò yí padà títí di ọjọ́ ìkẹyìn. Lọ́jọ́ náà, ẹnjiníà kan wá fi ẹ̀rọ ìfagbẹ tuntun sí yàrá náà, ó sì ń yìn ín bí ẹni tó bí i lọ́mọ.

“Màdáámù, ẹ kó ogún ènìyàn síbẹ̀,” ni ẹnjiníà wí. “Bí iná pupa bá tàn tí ẹ̀rọ yìí ò pa á, ẹ má sanwó.”

“Mi ò ní ogún ènìyàn tí mo fẹ́ fi dán nǹkan wò,” ni Ìyá Ẹ̀ẹ̀rùn dáhùn. “Àmọ́ mo ní ẹnì kan.”

Ó pe Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. “Wọlé, kó o làágùn.”

“Ṣé kí n làágùn, Màdáámù?”

“Bó bá ṣe wù ẹ́. Kò sẹ́ni tó máa bá ẹ wí lónìí.”

Àwọn òṣìṣẹ́ ti jáde lọ jẹun. Òun nìkan ló wọlé. Ìyá Ẹ̀ẹ̀rùn àti ẹnjiníà tẹjú mọ́ aago. Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ dúró, ó retí. Òógùn kò jáde. Ó fò sókè, ó bẹ́ sílẹ̀. Èyí tó jáde kò tó ohun tí adìyẹ yóò mu.

“Kí ló ṣẹlẹ̀?” ni Ìyá Ẹ̀ẹ̀rùn bèèrè. “Ọjọ́ tá a nílò ẹ lo wá gbẹ?”

“Màdáámù, mò ń gbìyànjú.”

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹ rí i bí ẹ̀rọ wa ṣe ń ṣiṣẹ́?”

“Ẹ̀rọ yín ò tíì rí nǹkan kan.”

Bí wọ́n ti ń sọ èyí lọ́wọ́ ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì mú àlejò kan wọlé. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ni. Kò lè dúró títí wọn yóò fi ṣíwọ́; ó ti gbé lọ́rì dé. Ó rìn tààrà lọ síbi gíláàsì, ó fi imú kàn án, ó rí àna rẹ̀ nínú aṣọ funfun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ṣe bí ẹni tó ń fi ṣọ́bìrì po sìmẹ́ǹtì.

Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ gbójú sókè, ó rí i.

Omi dé. Ó gba iwájú orí wá, ó gba ẹ̀yìn lọ, ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sì wú bí ọmú màlúù. Aago fò sókè, iná pupa tàn. Ẹ̀rọ tuntun bú ramúramù, ó gbọ̀n, ó fà. Iná kú. Ó tún tàn. Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ ti ń làágùn. Ó pẹ́ díẹ̀ kí iná náà tó kú, tí kò sì tàn mọ́.

“Ẹ̀rọ yín dáa,” ni Ìyá Ẹ̀ẹ̀rùn sọ fún ẹnjiníà, ó wá kọjú sí àlejò. “Ta ni yín?”

“Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹ̀ ni mí. Mo wá mú un lọ sídìí búlọ́ọ̀kù.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ẹ̀yìn sí i.”

Ó kọ ẹ̀yìn sí i. Aago wálẹ̀.

“Ẹ tún wò ó.”

Ó wò ó. Aago gòkè. Ìyá Ẹ̀ẹ̀rùn ń yí i síwá sẹ́yìn bí ẹni ń tan iná tó ń pa á, títí ọrùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dun ọkùnrin náà.

“Gbogbo wa la ṣì í,” ni Ìyá Ẹ̀ẹ̀rùn wí. “Kì í ṣe ooru, kì í ṣe àìsàn. Wíwò tí wọ́n ń wò ó ni.”

Bí ọ̀rọ̀ ṣe yanjú nìyẹn. Wọ́n fi pátákó ká ibi iṣẹ́ Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ mọ́, ó di òṣìṣẹ́ gidi lọ́jọ́ náà, wọ́n sì fi iṣẹ́ kejì kún un: bí ẹ̀rọ ìfagbẹ tuntun bá ti dé, òun ni wọn yóò fi dán an wò.

“Lọ́jọ́ ìdánwò, a máa nílò yín,” ni Ìyá Ẹ̀ẹ̀rùn sọ fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀. “Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n wò bíi tiyín. A ó sanwó.”

“Kí n máa wo àna mi? Ṣé iṣẹ́ nìyẹn?”

“Iṣẹ́ ni. Àmọ́ wíwò nìkan ni o, kò sí ọ̀rọ̀ sísọ.”

Ọkùnrin náà ronú. “Ibi tó ti máa le nìyẹn,” ló wí. Òun nìkan ló wa lọ́rì padà.

Nígbà tí Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ délé, tó ròyìn tán, ìyàwó rẹ̀ dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó fẹ́ dì mọ́ ọn, ó rántí, ó yára kọ ẹ̀yìn sí i kó tó kí i kú oríire.

“Yíjú sí mi jàre,” ni Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ wí. “Jẹ́ kó máa ṣàn.”