Àwọn Ọmọ Mọ́nàmọ́ná Ilé Àwọ̀n

"Ejò! Ejò!" ni mo gbọ́ lẹ́yìn ògiri mi ní Ìkòròdú láàárọ̀ àná. Àwọn tó ń kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti rí nǹkan lábẹ́ búlọ́ọ̀kù. Àwọn ọmọ ọmọ mi ní kí n jókòó, pé orúnkún mi ò dáa. Kò dáa lóòótọ́, àmọ́ mo dìde. Ariwo yẹn ti gbé mi padà sí Ẹ̀pẹ́, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà.

Ní agbo ilé wa létí ọ̀sà, Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ní yàrá kan tí à ń pè ní ilé àwọ̀n. Àwọ̀n àti ẹja yíyan ló ń kó síbẹ̀, òórùn rẹ̀ a sì máa tẹ̀ lé wa dé ilé kéwú. Òwú ni wọ́n fi ń hun àwọ̀n nígbà náà. Bí eku bá ti gbóòórùn ẹja lára rẹ̀, ó parí, á gé e já. Ológbò tí a rà, ẹja lòun ń jẹ, eku ò kàn án. Ìdí nìyẹn tí Ìyá Àgbà fi gba mọ́nàmọ́ná láàyè níbẹ̀, ejò jẹ́jẹ́ tí kò ní oró, tó jẹ́ pé eku ló ń wá. Nígbà tó yé ẹyin sínú ìkòkò fífọ́, tí àwọn ọmọ rẹ̀ jáde, Ìyá Àgbà kó wọn sínú agbọ̀n onídèérí. Ó ní èmi ni n óò máa gbé wọn, kí wọ́n lè mọ ọwọ́ èèyàn.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí rò pé ejò ló ń dẹ́rù bani. Irọ́ ni. Ọmọ mọ́nàmọ́ná lójo ju adìyẹ lọ. Bí o bá wúkọ́, á ká jọ, á fi orí pamọ́ sáàárín. "Má ti òkè mú un," Ìyá Àgbà a máa wí. "Àṣá ló ń ti òkè wá. Tẹ́ ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀, kó gùn ún fúnra rẹ̀. Bó bá sì gé ọ jẹ, má fa ọwọ́ yọ, eyín rẹ̀ á kán." N óò fi eérú fọ ọwọ́, n óò fi yáná nídìí ààrò, n óò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, n óò dúró. Mo fẹ́ràn wọn ju ọmọláńgidi tí bàbá mi rà fún mi lÉkòó lọ.

Ìyá Àgbà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ ta ẹja ní Èbúté Ìkòròdú ní ọ̀sẹ̀ tí ọ̀kan nínú wọn yọ́ jáde. Bàtà Bàbá Ṣàkírù ló lọ sùn sí. Bàbá yìí ni àbúrò ọkọ Ìyá Àgbà, òun sì ni olórí agbo ilé. Ó ń múra àtilọ kírun Jímọ̀, ló bá ti ẹsẹ̀ bọ bàtà. Igbe tó ké, mi ò ní sọ bó ṣe rí, torí ó ti dèrò ọ̀run. Wọ́n fi igi gbé ejò náà padà sínú agbọ̀n, Bàbá sì ní kí wọ́n gbé kẹrosíìnì wá, kí wọ́n jó gbogbo wọn. "Ọmọ ejò, ejò náà ni."

Mo sáré wọ ilé àwọ̀n, mo gbé agbọ̀n lé itan, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá ní kí n dìde. Mo ní mi ò dìde. Bí mo bá dìde, wọ́n á jóná. Mo ṣí agbọ̀n, mo tẹ́ ọwọ́ sábẹ́ èyí tó lójo jù. Ariwo pọ̀, ó gé mi jẹ. Ẹ̀jẹ̀ yọ. Mi ò fa ọwọ́ yọ. Gbogbo ilé ń retí kí n ṣubú. Nígbà tó yá, ó yanu, ó tú ara rẹ̀, ó rọra gun apá mi.

"Kò dùn ọ́?" Bàbá bèèrè.

"Ó dùn mí, Bàbá. Ẹ̀rù ló ń bà á."

Ó na ọwọ́ láti òkè, ejò náà sì ká jọ. "Ẹ má ti òkè wá, Bàbá," ni mo wí. Ọmọdé kì í pàṣẹ fún àgbà ní agbo ilé wa. Bàbá fa ọwọ́ padà. Lẹ́yìn náà ó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ apá mi, ó dúró. Ejò náà yọ orí, ó gùn ún. Bàbá ní kí wọ́n gbé kẹrosíìnì padà sídìí fìtílà.

Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ nítorí àìgbọràn, mo kúnlẹ̀ títí wọ́n fi ti mọ́ṣáláṣí dé. Bóyá ibẹ̀ ni orúnkún yìí ti bẹ̀rẹ̀. Kò dùn mí pé mo kúnlẹ̀. Nígbà tí Ìyá Àgbà dé, ó wo ọgbẹ́ ọwọ́ mi, ó ní, "Ṣé o ò fà á?" Mo ní mi ò fà á.

Ilé àwọ̀n ti wó báyìí, òwú ti di náílọ́ọ̀nù. Wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Èmi rèé, ejò bù mí jẹ, mi ò sá fún ejò fúnra rẹ̀. Ejò olóró pọ̀ o, ẹ má fọwọ́ kan èyí tẹ́ ẹ ò mọ̀. Àmọ́ èyí tí mo mọ̀, mo mọ̀ ọ́n.

Láàárọ̀ àná, mo dé ìdí búlọ́ọ̀kù. Mọ́nàmọ́ná kékeré ni, ó ti ká jọ, ó fi orí pamọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé igi sókè, ó ní, "Màmá, ẹ kúrò níbẹ̀." Mo ní mi ò kúrò. Mo kúnlẹ̀ lórí orúnkún burúkú yìí, mo tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀, mo dúró dè é.