Ẹni Tó Rẹ́ Ògiri Ilé Ẹgbẹ́

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ bíríkìlà ní Àpáta lókè ọya, a kò lè ṣàì dárúkọ Ọládiípọ̀. Ògiri tó bá fi sìmẹ́ńtì rẹ́, eṣinṣin á yọ̀ lára rẹ̀. Ìgbéraga rẹ̀ náà kò sì kéré.

Iṣẹ́ tó fi ń yangàn jù ni èyí tó ṣe ní ogún ọdún sẹ́yìn, ní pápá gọ́ọ̀fù àtijọ́ kan tí àwọn òyìnbó awakùsà gbin igi yí ká. Òkúta gbígbẹ́ ni wọ́n fi kọ́ ilé ẹgbẹ́ tó wà níbẹ̀. Àwọn alákòóso ní kí ó sọ ilé náà di tuntun. Ọládiípọ̀ fi ṣísẹ́lì ṣá ojú gbogbo òkúta kí sìmẹ́ńtì lè dì wọ́n mú, ó rẹ́ ẹ, ó sì kùn ún ní ọ̀dà funfun.

Ó kúkú mọ̀ pé Samuel, bàbá òun, ló to òkúta wọ̀nyẹn nígbà tí bàbá náà wà lọ́dọ̀ọ́. Ká má parọ́, ìyẹn gan-an ló dùn mọ́ ọn: iṣẹ́ ọmọ ti bo ti bàbá mọ́lẹ̀. Ó mú bàbá lọ wò ó. Bàbá fọwọ́ pa ògiri títí, ó ní, "O kú iṣẹ́," kò sì dárúkọ ilé náà mọ́ títí ó fi kú. Ọládiípọ̀ rò pé iṣẹ́ náà wú u lórí ni.

Lọ́dún yìí, Màrdíyyàh, olùkọ́ yunifásítì kan ní Bauchi Road tó ń kọ̀wé nípa ilé àtijọ́, gbàṣẹ pé kí wọ́n ha sìmẹ́ńtì náà kúrò, torí òkúta abẹ́ rẹ̀ ni iyì ilé. Ọládiípọ̀ ni wọ́n gbà síṣẹ́. Nígbà tí Màrdíyyàh béèrè ẹni tó ṣe irú ìkà bẹ́ẹ̀, Ọládiípọ̀ ní àwọn kan láti ìlú mìíràn ni. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ ń lé e bá. Tirẹ̀ kò tilẹ̀ lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, òkúta yọjú. Ihò wẹ́wẹ́ kún ojú wọn bí ojú ẹni tí ilẹ̀ẹ́gbóná bá jà rí.

"Haba, Baba," ni Màrdíyyàh wí, "ẹni tó kọ́ ilé yìí kò mọwọ́ òkúta rárá. Ẹ wo bó ṣe ba ojú wọn jẹ́. Bí mo ṣe máa kọ ọ́ nìyẹn."

Ó ti mú bírò. Ojú gba Ọládiípọ̀ tì débi pé kò lè wo ọmọ tó lè bí lójú. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé bàbá òun kò fọwọ́ pa ògiri lọ́jọ́sí láti yìn ín. Òkúta rẹ̀ ló ń wá.

"Má kọ ọ́, ọmọ mi. Bàbá mi ló kọ́ ọ, Samuel lorúkọ rẹ̀. Òkúta wọ̀nyí kò lábùkù kankan nígbà tó tò wọ́n. Èmi ni mo ṣá wọn. Èmi náà ni mo rẹ́ ẹ."

Màrdíyyàh gbé bírò kúrò lórí ìwé. Lẹ́yìn náà ló béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá ọ̀nà wà tí wọ́n lè fi tún ojú òkúta náà ṣe.

"Kò sí," ni Ọládiípọ̀ dáhùn. "Egbò òkúta kì í jinná. Kọ orúkọ àwa méjèèjì, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ṣe èwo."