Ọkọ̀ Bàbá Wa àti Ọ̀nà Àgọ́-Àrẹ

Ohùn ni gbogbo àdúgbò wa ní Ṣakí fi ń mọ ọkọ̀ bàbá mi. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà onílẹ̀kùn méjì ni, onísíléńdà mẹ́jọ, tí òyìnbó kan tó wá la títì tà fún wọn nígbà tó ń padà sílé. Owó tábà ni wọ́n fi rà á. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nọ́ọ̀kì, wọ́n tì í sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé.

Ìgbà tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í le nílùú ni bàbá wa pe èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Ẹsẹ̀ wọn ti ń wú nígbà náà.

"Ẹ bá mi tún ọkọ̀ yìí ṣe. Mo fẹ́ lọ rí àbúrò mi."

Àbúrò wọn yìí nìkan ló kù nínú ọmọ ìyá wọn. Àgọ́-Àrẹ ló ń gbé, kò sì lè dìde nílẹ̀ mọ́.

Agbaṣẹ́ṣe ni ẹ̀gbọ́n mi n'Ìbàdàn, owó wà lọ́wọ́ wọn. Mẹkáníìkì lásán ni èmi. Wọ́n sọ pé irú ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ọkọ̀ náà gan-an làwọn máa rà láti òkè òkun. Ẹ́ńjìnnì kékeré kan wà lọ́wọ́ tèmi, tí mo tú lára ọkọ̀ tó forí sọ igi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀nà kan ò wọjà. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ rìn ná."

"Ìyẹn lo fẹ́ kó sínú ọkọ̀ bàbá wa? Ṣé kí gbogbo Ṣakí máa fi wá rẹ́rìn-ín ni? Má fọwọ́ kàn án."

Àgbà ló sọ̀rọ̀, mo fi ẹ́ńjìnnì mi sílẹ̀. Inú bí mi débi pé irin tí kò ṣẹ̀ mí ni mò ń fi òòlù lù ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀dà pupa dé, a kùn ún, ó ń dán. Ìjókòó aláwọ dé. Ẹ́ńjìnnì kò dé, wọ́n ní ó há sí èbúté. Bí bàbá wa bá béèrè, a ó ní kí wọ́n ní sùúrù. Wọn á ní kò burú.

Láràárọ̀ ni takisí ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa lọ sí Àgọ́-Àrẹ. Alùpùpù mi náà wà nílé. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́ kí bàbá tó ní irú ọkọ̀ yẹn wọ takisí bí ẹni tí kò bímọ?

Lẹ́yìn ìkórè àgbàdo, wọ́n ránṣẹ́ sí wa pé àbúrò bàbá wa ti kú. Wọ́n ti sin ín kí ìránṣẹ́ tó dé, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn Mùsùlùmí wa ti wí.

N kò tún bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé ẹ́ńjìnnì kékeré náà sínú ọkọ̀. Ó ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta, ṣùgbọ́n ó rìn. Bàbá wa jókòó níwájú, ẹ̀gbọ́n mi jókòó sẹ́yìn, mo sì wa ọkọ̀ títí a fi dé ojú oórì.

Bàbá wa ṣe àdúà tán, wọ́n wò mí.

"Báwo la ṣe pẹ́ tó lọ́nà?"

"A ò lò tó wákàtí kan, Bàbá."

Wọ́n wo ọkọ̀ pupa náà.

"Àbúrò mi ni mo ní mo fẹ́ rí. Ẹ bá ti fi alùpùpù gbé mi wá."

Wọn ò bínú rárá. Ìyẹn ló dùn mí jù, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Ẹ́ńjìnnì òkè òkun náà dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Inú àpótí rẹ̀ ló wà títí bàbá wa fi kú. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, kò sẹ́ni tó lè ṣí i.