Ogun Àgbáyé ní Ìbíadé

Ìbíadé, ìlú etí omi ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ni wọ́n gbé mi lọ nígbà tí mo jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà. Àsìkò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà kò rí tíṣà tó, ibi tí wọ́n bá ní kí èèyàn lọ ni yóò lọ. Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè ni mí, orí ilẹ̀ gbígbẹ ni mo dàgbà sí. N kò lè lúwẹ̀ẹ́, n kò sì mọ bí a ti ń jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi kí ó má mì. Àwọn ará ìlú ṣe dáadáa sí mi, ṣùgbọ́n bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti parí, kálukú a gba ìdí àwọ̀n rẹ̀ tàbí oko rẹ̀ lọ, èmi a sì jókòó, n óò máa wo omi.

Èèyàn méjì ló gbà mí lọ́wọ́ ìyẹn. Ọ̀kan ni tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, mùsùlùmí tí kì í yára bínú, tí kì í sì yára ṣe ohunkóhun. Èkejì ni olùpòògùn tó wà ní dísípẹ́ńsárì, ọmọ Èkìtì, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n olùpòògùn yìí ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, òun ló fi páálí kan ránṣẹ́ sí i. A rò pé bàtà ni. Nígbà tí a ṣí i, pátákó tí wọ́n ya àwòrán ayé sí ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú dáìsì bíi ti lúdò, àti igi wẹ́wẹ́ aláwọ̀ oríṣiríṣi tí wọ́n dúró fún ọmọ ogun. Èèyàn a máa fi dáìsì jagun, a máa gba ilẹ̀ ẹlòmíràn, títí ẹnì kan yóò fi gba gbogbo ayé. A sọ ọ́ ní Ogun Àgbáyé.

Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ni pé a wá Nàìjíríà lórí rẹ̀. Kò sí. Wọ́n ti kó gbogbo ọ̀dọ̀ wa pọ̀ mọ́ aṣálẹ̀.

“Wọn ò tilẹ̀ kọ Èkó sí i!” ni olùpòògùn wí. Inú bí i gan-an.

“Ìbíadé ńkọ́?” ni ọ̀rẹ́ mi ará Ìjẹ̀bú-Igbó béèrè, ojú rẹ̀ le koko. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Ọ̀sán Sátidé ni à ń ta á, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ dísípẹ́ńsárì. Olùpòògùn a fẹ́ gba ibi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, a na ogun rẹ̀ títí yóò fi tín-ín-rín bí okùn ìwọ̀. Ọ̀rẹ́ mi a wọ Ọsirélíà lọ, níbi tí ọ̀nà kan ṣoṣo wọ̀, a jókòó síbẹ̀, a máa kó ọmọ ogun jọ. Èmi, Áfíríkà ni mo máa ń dì mú, wọn a sì gbà á lọ́wọ́ mi, nítorí ẹnubodè rẹ̀ pọ̀ jù.

“Fi Áfíríkà sílẹ̀, ṣé o ò gbọ́n ni?” ni olùpòògùn máa ń wí.

“Ibo ni kí n lọ?”

Lẹ́yìn náà ni olùpòògùn rí ààyè ẹ̀kọ́ gbà nílùú òyìnbó. A sìn ín dé etí omi, níbi tí ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́ ti ń dúró dè é. Ó gbé páálí náà lé mi lọ́wọ́. “Ẹni tó ń pàdánù jù ló fẹ́ràn rẹ̀ jù,” ó ní. Mo rò pé yóò bojú wẹ̀yìn bí wọ́n ti ń tukọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ti ń bá ọlọ́kọ̀ sọ̀rọ̀.

Àwa méjì ta á fúngbà díẹ̀, kò dùn mọ́. Nígbà tí ọdún yí, wọ́n gbé ọ̀rẹ́ mi lọ sí ìlú rẹ̀, ó sì gbéyàwó níbẹ̀.

Òjò wá dé, kò sì dá. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, n óò tẹ́ pátákó náà sórí tábìlì, n óò ta fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ó bá kan olùpòògùn, n óò sáré. Bí ó bá kan ọ̀rẹ́ mi, n óò fara balẹ̀. Mo tilẹ̀ ń bá wọn jiyàn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo ń bá olùpòògùn jà lórí Rọ́ṣíà, ìyá onílé mi yọjú pẹ̀lú agbọ̀n ẹja.

“Tíṣà, lèsí wà lọ́dọ̀ rẹ?” Bí àwa Ìjẹ̀bú ṣe ń pe ‘ta ni’ nìyẹn.

“Kò sí ẹnì kankan, Ìyá.”

Ó wo yàrá yíká, ó wo pátákó. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bá mi wí. Ó fi ẹja díẹ̀ sílẹ̀, ó lọ. Ìtìjú mú mi, mo ti géèmù náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tí Iléyá kù dẹ̀dẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ní kí n wá bá òun ṣọdún. Mo gbé páálí náà sábẹ́ apá, mo wọ bọ́lẹ́kájà lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Bí a ti ń lọ ni mo ń ro bí n óò ṣe dáàbò bo Áfíríkà lọ́tẹ̀ yìí.

Ilé rẹ̀ kún fún ẹbí àti àna. Ó dì mọ́ mi. “Ọba Áfíríkà dé!” Inú mi dùn. A tẹ́ pátákó sílẹ̀ ní pálọ̀. Mo ti ń to ọmọ ogun nígbà tó béèrè pé, “Àwọ̀ wo ni tèmi?”

Aláwọ̀ ewé ni tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo tì í sí i. Ó ju dáìsì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n pè é. Ó padà wá, wọ́n tún pè é pé kó wá pín ẹran. “Bá mi jù ú,” ó wí, ó sì jáde. Mo bá a jù ú. Mo ju tèmi. Mo tún bá a jù ú. Ohun tí mo ń ṣe ní Ìbíadé náà ni mò ń ṣe, àfi pé àárín èrò ni mo wà báyìí.

Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ wọlé, ó kúnlẹ̀ kí mi. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi sún un díẹ̀, kí n rí ibi gbé àwo sí.” Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú páálí.

“O ti kó o?” ni ọ̀rẹ́ mi wí nígbà tó dé. “Kò burú, a ó ta á nígbà mìíràn.” Ó bu ẹran tó dára jù fún mi. Ó fẹ́ràn mi, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ààyè ni kò sí.

Mo padà sí Ìbíadé lọ́jọ́ kejì. Ìyá onílé mi ń sá ẹja.

“Ṣé o bá wọn nílé?”

“Mo bá wọn, Ìyá. Wọ́n ṣe mí lálejò gan-an.”

Ó nawọ́ sí àpótí kan, mo jókòó. A jọ ń lé eṣinṣin lórí ẹja títí oòrùn fi wọ̀.