Tírà Ọrùn Ìyá Mi

Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ mi lọ́dọ̀ dókítà òyìnbó ní Bouaké kò ju kí n máa fọwọ́ wá ọrùn èèyàn lọ. Bí mo bá bá kókó níbẹ̀, á jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí àìsàn sùnrunsùnrun ti wọlé, n ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí onítọ̀hún láyà. Bí n kò bá bá nǹkan, kó máa lọ ilé.

Iṣẹ́ yẹpẹrẹ, àbí? Ẹ wá ṣe é láàárín àwa Ànàgó, àwa Yorùbá tó wà níbẹ̀, kí n rí yín. Ọmọ wo ló ń na ọwọ́ sọ́rùn àgbà? Mo máa ń dọ̀bálẹ̀ ná, kí n tó rọra fìka kàn wọ́n. Nígbà tó kan ìyá mi tí ń ta abọ́ irin lọ́jà, tírà aláwọ tí àfáà ṣe fún wọn ló yí ọrùn wọn ká. Ojú tì mí láti tú u. Mo ní kí wọ́n máa lọ.

Nígbà tí a fi tún padà wá lẹ́yìn ìgbà òjò, ìyá mi ti ń tòògbé nídìí ọjà lọ́sàn-án gangan. Àwọn èèyàn ní ayé ló ń ṣe wọ́n. Wọ́n ní ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ òyìnbó, ojú rẹ̀ á fọ́.

Lọ́jọ́ náà, dókítà dúró tì mí. Ìyá mi di tírà náà mú.

"Ọkọ mi, má tú u. Ṣé o ò mọ ohun tí píkíìrì, abẹ́rẹ́ wọn yẹn, fi ojú ìyá tó wà nílùú Djébonoua ṣe ni?"

"Mo mọ̀, Màámi. Ẹ forí jì mí."

"Bí o bá jẹ́ ọmọ mi, sọ pé o ò rí nǹkan."

Gbogbo ọjà ń wò mí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀, mo dìde, mo tú okùn tírà náà. Kókó mẹ́ta ló wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n le bí ẹ̀wà tí kò jinná. Wọn kì í ṣe kókó àná. Mo fa ṣọ́ọ̀kì sí àyà tó fún mi lọ́mú, ìyá mi kò sì wo ojú mi mọ́.

Dókítà ní ká ní a tètè rí i ni, oògùn tó rọrùn là bá lò. Ó ti dé ọpọlọ báyìí, àfi èyí tó le. Wọ́n gún wọn ní abẹ́rẹ́ náà. Oorun náà lọ, ojú wọn bá a lọ. Àwọn ará ọjà ní àwọn ti wí bẹ́ẹ̀. Èmi nìkan ló mọ ẹni tó jẹ́ kó pẹ́.

Ìyá mi ṣì lo ọdún púpọ̀ láyé. Bí mo bá dọ̀bálẹ̀ kí wọn, wọn kì í béèrè pé ta ni. Wọ́n á na ọwọ́, wọ́n á fi wá ẹ̀yìn ọrùn mi dáadáa, láìkánjú, bó ṣe yẹ kí n ti wá tiwọn lọ́jọ́ kìíní.